Eyín Kan, Ẹgba Méjìlá

Àádọ́rùn-ún náírà ni Jonah Igbẹ́kọ̀yí jẹ Oyèdìran lọ́dún 1984, owó iléèwé Damaris, ọmọ rẹ̀, fún táàmù méjì. Akọ̀wé ìjọba ni Jonah n'Ílọrin. Oyèdìran ló ni iléèwé aládàáni tí ọmọ náà ń lọ. Ọmọ Ìlọfà làwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ló sì ṣi Jonah lọ́nà. Ó rò pé ọmọ ìlú ẹni yóò ní sùúrù fún ẹni tí kò rí owó oṣù gbà láti oṣù mẹ́ta.

Oyèdìran kò ní in. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó pe Damaris, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, síwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí tísà méjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Pàṣán méjìlá ló nà án, bó ṣe ń nà án ló ń dárúkọ gbèsè bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Moróhunfọ́lá, ìyá ọmọ, fẹ́ bọ́ aṣọ lára Damaris nílé, ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi rẹ ẹ́ kó tó ṣí. Jonah ka ojú ẹgba náà pé. Ó jáde láìwọ bàtà.

Ó bá Oyèdìran nídìí tábìlì níléèwé, kò sì kí i. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu, eyín kan fò sórí rẹ́jísítà. Oyèdìran fi rúlà onírin la iwájú orí Jonah. Jonah gbé àga, ó fọ́ ọ mọ́ ọn léjìká. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sára ògiri kí àwọn tísà tó là wọ́n.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọfà kò jẹ́ kọ́rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá Sàhéèdì, olórí wọn, ní eyín kan tó ọgọ́ta náírà. Ẹgba méjìlá, náírà márùn-ún márùn-ún, ọgọ́ta náà nìyẹn. "Ìkan ti pa ìkan. Ó ku àádọ́rùn-ún. Jonah, ìgbà wo?"

"Bí mo bá ti wa iṣu tuntun lóko mi, bàbá. Ọgbọ̀n iṣu, náírà mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iléèwé ìjọba ni Damaris ń lọ báyìí."

Oyèdìran fi ẹnu tó wú rẹ́rìn-ín. "Iléèwé ìjọba lo máa wá mú ọmọ akọ̀wé lọ? Ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀."

"Ilẹ̀ kì í na ọmọ nítorí gbèsè."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Àga kékeré kan, ìgbálẹ̀ àti àdá ni iléèwé ìjọba ní kí ọmọ mú wá. Náírà mọ́kànlá péré ni gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Damaris délé pẹ̀lú ojú ẹgba mẹ́ta lápá. Jonah ti dìde, ó ti di ẹ̀ṣẹ́.

"Kí lo ṣe?"

"Mo pẹ́ dé."

Ó jókòó padà. "Ẹ̀bi tìẹ nìyẹn. Tètè máa jí."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó já ọgbọ̀n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Oyèdìran. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkan ti jẹrà. Ó jù ú mọ́ Jonah láyà, ó fọ́ sí i lára. Jonah nu àyà. Ó padà sínú ọkọ̀ tó háyà, ó mú èyí tó tóbi jù nínú iṣu tó yà sọ́tọ̀ fún ilé rẹ̀, ó gbé e lélẹ̀.

"Ó pé," Oyèdìran wí.

Jonah yọ bébà tó ti kọ ọ́ sí pé gbèsè ti tán, ó ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Wọn kò kí ara wọn.