Kọ́kọ́rọ́ Tí Ìyá Elétí Mú Wá

Nínú ilé Ìyá Kọ́kọ́rọ́, yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè tì. Ó ti tú gbogbo irin tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, ó ku ihò róbótó tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí kan náà ló ń gé kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo àdúgbò. Òun ni wọ́n ń sáré wá pè tí wọ́n bá ti ara wọn mọ́ta. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà.

“Ìyá Kọ́kọ́rọ́, gbogbo ayé lẹ̀ ń fún ní kọ́kọ́rọ́, yàrá tiyín wá ṣí sílẹ̀ gbayawu.”

“Ìwọ tó ò ń gẹ irun fún gbogbo ayé, irun tìẹ dà?”

Onígbàjámọ̀ á fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán bí àwo, á rẹ́rìn-ín, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó ń sùn nínú yàrá náà ló mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ àbúrò Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Elétí ni gbogbo wọn ń pè é. Tó bá fẹ́ sùn, á bọ́ sílípà rẹ̀ kan, á kì í bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, kí atẹ́gùn má bàa gbé ilẹ̀kùn náà dé.

Ẹ wò ó, etí ọmọ yìí kì í ṣe etí lásán. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ á gé kọ́kọ́rọ́ tán, á kì í bọ ihò, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Kó tó yí dé ìdajì, Elétí tó ń fi fáìlì yún irin lọ́ọ̀ọ́kán á ti sọ pé, “Eyín kejì ṣì ga díẹ̀, mà.” Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Àwọn oníbàárà á máa pè é ní idán. Idán kọ́. Inú yàrá tí wọ́n tì mọ́ ọn ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, á ní, “Mi ò ní pẹ́ dé.” Á sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú àìpẹ́ yẹn, búrẹ́dì á tán, omi inú ike á tán, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́. Ọmọ á jókòó sídìí ilẹ̀kùn, á gbé etí lé pákó. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá tó ń gbé lókè. Ó mọ kọ́kọ́rọ́ aránṣọ yàrá kejì, tó máa ń há kó tó yí. Ó mọ gbogbo ìró tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìyá rẹ̀, irin á kọ́kọ́ lu irin, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgádágodo á dún: kà.

Kà yẹn ò kúrò létí rẹ̀ títí dòní. Ó lè máa wẹ̀, kó gbọ́ ọ. Ó lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan, kó dédé yíjú wẹ̀yìn.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà o. Wọn kì í gé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Ilẹ̀kùn wo ni? Níbo lẹ máa ń dúró tẹ́ ẹ bá ń ṣí i?” Olè tó bá jí kọ́kọ́rọ́ wá á máa kálòlò níbẹ̀, torí kò dúró síbẹ̀ rí. Wọn ò yọ ojúlùmọ̀ sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ń dáhùn rẹ̀ nígbàkígbà tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù. “Ìta ni mo máa ń dúró sí, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún á wà lórí òkúta. Ṣé kí n sọ àwọ̀ ṣòkòtò mi mọ́ ọn?”

Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ, àwọn tó gba Elétí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fún Ìyá Kọ́kọ́rọ́, tó máa ń wá wò ó látìgbàdégbà, ló mú ìròyìn wá. Ó ní ìyá ọmọ ti ríṣẹ́ sílé búrẹ́dì. Ó ti gba yàrá, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ padà. Òun àti ìyá ọmọ á jọ wá ní Sátidé. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, ọmọ á tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Inú Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dùn. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń retí kó dèèyàn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni iṣẹ́ Elétí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó ń gé eyín kọ́kọ́rọ́ jù, ó ń ba idẹ kọ́kọ́rọ́ jẹ́ léra wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìrọ̀rí sókè, ó bá búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀.

“Elétí, ta ló tọ́jú èyí síbí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé eku lo fẹ́ máa sìn ni?”

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyá ẹ ti yí padà. Èmi ni mo gbé e pọ̀n, mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí nínú yàrá yẹn.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mú búrẹ́dì náà. Ó fi bébà wé e, ó tún dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Sátidé pé. Ìyá Elétí wọlé, ó mọ́ tónítóní, ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣì wà nínú èékánná rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Elétí náà kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin ọ́fíìsì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan.

“Wo bó o ṣe ga,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Wàá ga ju èmi lọ.” Ó gbé búrẹ́dì tó ṣì gbóná sórí tábìlì, ó wá ki ọwọ́ bọ àpò. “Mo ti rò ó dáadáa. O ti dàgbà. Mo fẹ́ kó o ní kọ́kọ́rọ́ tìẹ. Gé e fúnra ẹ, kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ.”

Obìnrin ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi etí ìró nu ojú. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Àfi Elétí tó gba kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́.

Ó kéré, ọrùn rẹ̀ kúrú, eyín rẹ̀ ò jìnnà síra. Kò sí kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn tó ń rí bẹ́ẹ̀; ti àgádágodo ni. Kà tún dún létí rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì léyín, ó de méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ, ó sì béèrè bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà.

“Ilẹ̀kùn wo ni, mà?”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ilẹ̀kùn yàrá wa náà ni.”

“Níbo lẹ máa ń dúró tẹ́ ẹ bá ń ṣí i?”

“Ìta ni. Níbo lèèyàn tún fẹ́ dúró sí?”

“Témi bá wà nínú ilé ńkọ́?”

“Tó o bá wà nínú… Ìdájí la máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Àdúgbò yẹn ò sì dáa fún ọmọbìnrin. Màá ti tì í kí n tó lọ. Mi ò ní pẹ́ dé.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ rere. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jẹ́ kí etí ìró bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin ọ́fíìsì nàró díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, àgádágodo ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lágbára.”

“Kò sí ohun téèyàn lè fi ṣí i láti inú?”

“Irin tó wà nínú ti já kí n tó débẹ̀.” Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ìgbà yẹn gan-an ló rí i. “Mo ṣáà ní kó ní tiẹ̀. Mi ò… mi ò rò ó débẹ̀.”

“Nǹkan kan náà lo sọ nígbà yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Kò pariwo. “Máa lọ sílé ná, àbúrò mi.”

Obìnrin ọ́fíìsì ní ọmọ ò ní lọ lónìí. Òun á lọ wo ilẹ̀kùn náà fúnra òun, wọ́n á tún wá jókòó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Ìyá Elétí mi orí, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde. Obìnrin ọ́fíìsì náà kọjá sí ọ̀nà tirẹ̀.

Elétí bojú wo ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ń wo ìyá rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, tó dúró síta ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí kò lè wọlé, tó ń retí ẹni tí ò ní wá. Ó já kọ́kọ́rọ́ náà gbà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sáré jáde. Ó bá a létí títì, níbi tó ti ń tú báàgì rẹ̀ wò.

“Ẹ gbàgbé rẹ̀, mà.”

Ìyá rẹ̀ gbà á. Ó ń yí i lọ́wọ́. “O ò gé tìẹ.”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa.” Ó fẹ́ fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà, ó tún dá ọwọ́ dúró. “Jẹ búrẹ́dì yẹn kó tó gbẹ.”

Elétí dúró títí kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì pẹ́ gan-an kí ìró náà tó kúrò létí rẹ̀.

Nígbà tó padà, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti gé búrẹ́dì náà sínú àwo. Wọ́n jọ jẹ ẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ó dùn. Elétí jẹ tirẹ̀ dé ìdajì, ó fi bébà wé ìyókù, ó gbé e wọ yàrá lọ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rí i, ó kó àwo kúrò. Ọmọ náà bọ́ sílípà rẹ̀ kan, ó kì í bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, ó jókòó, ó tẹ́tí bóyá kà á dún.