Ọjọ́ Tí Mo Bá Pijó Jowú

Ọjọ́ tí mo tọ́ka àbùkù sára Pijó kan ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Bàbá Sàídì, ọkọ mi, ń kun mọ́tò nítòsí Ọ̀fà Garage. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé Pijó àtijọ́ tó ti dípẹtà yìí wá ni kò ti rójú tèmi mọ́. Á fi sanpépà ha á, á di ojú, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó lè mọ ibi tó wú. Ọwọ́ tí kì í kàn mí lára bẹ́ẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Mọ́tò náà ti ń dán bíi dígí. Kí ni mo rí? Ìborùn tuntun tí mo fẹ́ lò lọ síbi ayẹyẹ wòlímọ̀ ló fi ń nù ún!

"Bàbá Sàídì, ìborùn mi!"

"Ìyá Sàídì, má bínú. Aṣọ tó bá rọ̀ ni kì í ha ọ̀dà."

Mo yí mọ́tò tó di orogún mi yìí po, mò ń wá àbùkù rẹ̀. Mo rí i!

"Kókó wo lẹ fi sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn yìí?"

Mo rò pé ojú á tì í. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Máṣáláhù, ojú ẹ mú o! Mi ò wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó kùn ún, eruku ti kó sí i. Màá ha gbogbo ẹ̀, màá tún un kùn."

Ó gbàgbé oúnjẹ, ó di ojú, ó tún gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

Títí dòní, ẹnu mi ni mò ń bínú sí. Òun ló dá ọkọ mi padà sọ́dọ̀ orogún mi.