Kẹ̀kẹ́ Tó Ju Ọmọ Lọ

Alápatà ni bàbá wa. Ohun gbogbo tó bá rà fún wa ló máa ń tóbi jù wá lọ. Àkísà ni a máa ń kì bọ imú bàtà wa kó má baà yọ. Ṣòkòtò iléèwé mi ń gbálẹ̀ títí mo fi jáde. Bàbá á ní, "Ọmọ ló ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà." Ẹni tó bá jiyàn á gba ìfọ́tí.

Àbúrò mi obìnrin kéré, ó sì yára. Kẹ̀kẹ́ àyálò ló fi ń sáré BMX, lórí pápá amọ̀ tó kún fún gegele. Nígbà tí wọ́n mú un fún ìdíje ńlá, wọ́n ní kí kálukú gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá. Bàbá kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Oníkẹ̀kẹ́ wo àbúrò mi látòkè délẹ̀, ó fa kẹ̀kẹ́ kékeré kan yọ. "Èyí ló bá a mu, alàgbà."

Bàbá nawọ́ sí ti àgbàlagbà. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gùn ún. Tí ìyẹn bá fò, apá ọmọ yìí ò ní ká a. Ó máa gbé e ṣánlẹ̀."

"Ó máa dàgbà bá a."

"Sátidé ni ìdíje o. Ṣé ó máa dàgbà kó tó di Sátidé ni?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá gbá oníkẹ̀kẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó ju owó sílẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ ńlá náà jáde.

Ní Sátidé, ní gegele kejì, kẹ̀kẹ́ náà yí àbúrò mi dànù. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gun èjìká rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ ìró egungun. Ó dún bí ìgbà tí bàbá bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Dókítà ní egungun á so pọ̀. Ohun tí àbúrò mi bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n máa bá wa pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn?"

A gbé kẹ̀kẹ́ náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Imú oníkẹ̀kẹ́ ṣì wú. "Màá pààrọ̀ ẹ̀, torí ọmọ yìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí, níwájú àwọn tó rí yín."

Àbúrò mi fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n."

"Èmi? Kí n bẹ afẹ́táyà?"

Láti ìsọ̀ ló ti wá; àáké ìgéran wà nínú àpò rẹ̀. Ó fà á yọ, ó fi ṣá kẹ̀kẹ́.

"Alàgbà! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́!"

Bàbá ń gé e bí ẹni ń gé itan màlúù. Èérún irin kan fò, ó ya àbúrò mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sunkún. Nígbà tí bàbá fi máa dáwọ́ dúró, irin ti tẹ̀, ẹnu àáké ti fàya, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Èjìká àbúrò mi jiná. Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó ra òmíràn fún un.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì gan-an, bàbá lọ ra àáké tuntun. Ó di èèkù kan mú, ó jù ú sílẹ̀. Ó mú òmíràn, ó fì í wò, ó dá a padà. Kò kúrò níbẹ̀ àfìgbà tó rí èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí.