Òtílí Ìyá Mi Hù ní Igana

Ọjọ́ tí òtílí ìyá mi hù ní Igana, ìlú wa nítòsí Pobè, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì nígbà náà, bàbá mi sì ti kú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ gba oko wa. Ó ní bí ohunkóhun kò bá hù níbẹ̀ kí wọ́n tó ná ọjà Pobè lẹ́ẹ̀mejì, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Irúgbìn kan ṣoṣo tí a ní ni ẹ̀wà òtílí tó ti wà nínú eérú, nínú akèrègbè, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi.

“Òkú nìyẹn,” ni ó wí.

Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì fi abẹ ha èèpo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí omi lè ráyè wọlé, a rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, a sì gbìn wọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ewé wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án ti yọ lórí ebè.

“Koríko ni. Ẹ ro ó dànù!”

Ìyá mi dúró níwájú ọkọ́ wọn. Ó hú ọ̀kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Hóró òtílí ṣì wà nídìí rẹ̀.

“Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Koríko wo ló ń ti inú òtílí jáde?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yíjú padà, ó lọ.

Mẹ́jọ ló kù fún wa. Títí dòní, èmi ni mo ń ro ilẹ̀ náà.