Omi Tuntun, Ẹja Tí Kò Jẹun

Òórùn kan wà tí mo rò pé ó ti kúrò láyé. Àfi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí Tèmi, ọmọ ọmọ mi obìnrin, da omi inú ọ̀rá kan nù sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkàrẹ́ níbí. Bàbá rẹ̀ ló ra ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta fún un, àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n, ó sì ra àpótí onídígí tí wọn yóò máa gbé pẹ̀lú. Omi tí ẹni tó tà wọ́n bù sínú ọ̀rá ti ṣú díẹ̀. Tèmi yínmú sí i. Ó kó ẹja sínú abọ́, ó da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ dígí náà títí ó fi ń dán, ó sì pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara kún un.

Kí omi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tó gbẹ, òórùn rẹ̀ ti wọ imú mi. Òórùn àmù àlùwàlá ilé àwọn Ràmátù ni, ní Ọ̀kà. Èmi tó yẹ kí n pariwo pé, "Má dà á nù!", ńṣe ni mo dúró tí mo ń fa òórùn náà sínú, bí ẹni tí wọ́n ń kì ní oríkì tí ìyá rẹ̀ máa ń kì í.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàn ń yí ẹ̀rọ tí omi ń jáde, ẹ ò mọ ohun tí omi jẹ́ ní Ọ̀kà nígbà èwe wa. Orí òkè la wà, òkúta níwájú, òkúta lẹ́yìn, odò sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí o bá pọn omi délé, ọrùn rẹ yóò ti wọ èjìká. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé tí kò ní àmù, tí a kì í sì í fi omi ṣeré.

Ràmátù ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ ni wá, ọbẹ̀ sì máa ń gba ojú ọ̀nà kọjá láti ìhín sí ọ̀hún láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé wọn ni àmù ńlá kan wà tí wọ́n rì dé ìdajì sínú ilẹ̀, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bu omi àlùwàlá. Ara àmù náà ń yọ̀ bọ̀rọ́, ó ní àwọ̀ ewé. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀pìyà méjì tí Ràmátù fi igbá gbé wá láti odò ń gbé, tí wọ́n ń jẹ tanwíjí kí ó má baà di ẹ̀fọn. Ó sọ ọ̀kan ní Ọ̀gá, ó sọ èkejì ní Ìyàwó. Báwo ló ṣe mọ èwo ni akọ? A kò bi í. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ àmù, abẹ́ rẹ̀ ni tọkọtaya náà máa ń sá sí bí igbá bá ti kan omi.

Lọ́dún kan, bí ààwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán Ràmátù lọ sí Ìkùn, kí ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé ọmọ. Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni yóò padà. Ó fà mí létí kí ó tó lọ.

"Máa bá mi wo àwọn ẹja mi o. Bí wọ́n bá kú, èmi pẹ̀lú rẹ parí."

"Wọn ò ní kú."

"Búra."

Mo búra.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi parí tánkì sìmẹ́ǹtì tó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí omi òjò ń ti orí páànù ṣàn sínú rẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Àwọn èèyàn ń wá kí i kú oríire bí ẹni tó ra mọ́tò. Mo wo tánkì, mo wo àmù. Mo ní, ẹja ọ̀rẹ́ mi kò ní wà nínú ìdọ̀tí nígbà tí irú ààfin báyìí wà. Bàbá mi gbà fún mi kí òjò tó kún un; mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ inú tánkì, mo bu omi díẹ̀ sí i. Mo gbé òkúta wọn náà, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun bí eyín ọmọdé. Mo kó Ọ̀gá àti Ìyàwó síbẹ̀, mo sì ń kọrin fún wọn pé omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn kò sọ fún wa bóyá ẹja náà jẹun.

Àwọn tèmi kò jẹun. Mo já àkàrà sí i, wọn kò wò ó. Mo da gààrí sí i, ó wú, omi náà ṣú. Mo wá ikán lọ sí oko. Ńṣe ni wọ́n wá sókè omi, tí wọ́n ń ya ẹnu, tí wọ́n ń pa á dé, bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ tí èdè wa kò bára mu. Mo gbọ́n omi náà dànù, mo tún fọ gbogbo rẹ̀, mo tún pọn omi mìíràn sí i. Ìyẹn tún burú sí i.

Ìyá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé o kò mọ̀ pé ẹja ilé mùsùlùmí ni? Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ṣínu nírọ̀lẹ́."

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Mo gbà á gbọ́. Lójoojúmọ́, bí ládánì bá ti pe ìrun mọ̀gàrìbá, èmi ọmọ ìjọ yóò sáré gbé àkàrà lọ sídìí tánkì, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti pè é o, ẹ jẹun." Oòrùn á wọ̀, wọn kò ní jẹ. Bàbá mi ní kí n fi iyọ̀ sí i. Aládùúgbò wa kan ní àárò ẹni tó ni wọ́n ló ń ṣe wọ́n. Mo fi iyọ̀ sí i; àárò ni mi ò mọ ohun tí mo lè fi sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Ọ̀gá tó léfòó, ikùn rẹ̀ lókè. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ẹkún lọ pe ìyá àgbà Ràmátù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó yọ òkúta, ó fi àtàǹpàkò pa á lára.

"Ta ló fọ òkúta yìí?"

"Èmi ni, mà."

"O kú iṣẹ́. Ó mọ́." Ó gbé òkúta náà lé mi lọ́wọ́. "Bí mo bá ra àmù tuntun, ṣé o ti rí i kí n bu omi mu nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Omi àmù àtijọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bù sí i, màá fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ omi. Àmù kì í mọ omi lóòjọ́. Sìmẹ́ǹtì tuntun sì tún ń ta ẹja lára. Ohun tí ò ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, ilé wọn ni. Ilé wọn lo fọ̀ dànù, ọmọ mi."

A gbé Ìyàwó padà sínú àmù. Ó rọra wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dojú dé ẹnu àmù náà, tí mò ń wò ó tó ń mí, tí kò sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí mo lè ṣe fún un. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ ku ọ̀la, ó kú.

Ràmátù dé pẹ̀lú aṣọ tuntun, làálì pupa lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ tíì jókòó.

"Àwọn ẹja mi ńkọ́?"

Mo lanu, ohun tí aládùúgbò wa sọ ló jáde. "Wọn ò jẹun látìgbà tí o ti lọ. Àárò rẹ ló pa wọ́n."

Ó sunkún. Ṣùgbọ́n láàárín ẹkún náà, mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọdún yẹn ló fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹja òun fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè jẹun lẹ́yìn òun. Ìyá àgbà gbọ́. Ó kọjú sí ibi tí mo wà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá Ràmátù wá mú un lọ sí Kàdúná. N kò tún fojú kàn án mọ́ títí di òní. Irọ́ mi ló gbé lọ.

Àmù ti di ohun tí a ń gbin òdòdó sí báyìí. Tánkì bàbá mi ti sán, aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti dé, a kì í gun òkè pẹ̀lú omi mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ẹja Tèmi kò jẹun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń ya ẹnu lókè omi, oúnjẹ sì ń rà nísàlẹ̀. Mo mọ ẹnu yẹn. Mo gun ọ̀kadà lọ bá ẹni tó tà wọ́n.

"Màmá, ẹja mìíràn lẹ fẹ́?"

"Rárá. Omi ògbólógbòó ni mo fẹ́, àti òkúta tó ń yọ̀ láti inú àpótí tìrẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó wá ìdọ̀tí wá." Ṣùgbọ́n ó bù ú fún mi, ó ní kí a má tíì fún wọn lóúnjẹ, kí a sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀.

Kí n tó délé, ọ̀kan ti kú. Tèmi gbé e sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ṣé àárò ibi tí a ti rà wọ́n ló ń ṣe wọ́n?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lè gbẹ́sẹ̀ láti Ọ̀kà wá bá èèyàn ní Ìkàrẹ́ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ìdáhùn náà ti wà létè mi, ó dùn bí oyin.

"Rárá, ọmọ mi. Àwa ni. Ilé wọn la dà nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ lo dà á, èmi tí mo mọ̀ ni mo dúró wò ọ́."

Ó sunkún, ojú rẹ̀ kò sì tàn rárá. Mo bu omi náà sí i, mo gbé òkúta yíyọ̀ náà sísàlẹ̀. Àwọn méjì tó kù rọra wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ṣé wọ́n á jẹun?"

"Mi ò mọ̀."

A jókòó síwájú dígí náà, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Agolo oúnjẹ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e pa.