Èépá Páìpù Lójúde Mi

Ní Owódé Onírin, ẹni tó bá gbé páìpù sórí ìwọ̀n láì kọ́kọ́ fi òòlù lù ú, ọ̀dẹ̀ la ń pè é. Èmi ò sì fẹ́ ya ọ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ra irin àlòkù ni mo ti máa ń lu páìpù títí gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ á fi dà sílẹ̀. Irin ni mo wá rà, mi ò wá ra iyẹ̀pẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n já àwọn páìpù gbàǹgbà kan fún mi, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ni wọ́n ti wá. Èépá funfun kan lẹ̀ mọ́ inú wọn, ó le koko bí èyí tó máa ń wà nídìí ìkòkò tí a ti fi se omi pẹ́. Mo lù wọ́n, mo ha wọ́n. Ohun tó dà sílẹ̀ kún àpò mẹ́ta. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ etí odò kì í da ohun tó bá le nù, torí omi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ wa gbẹ. Mo gbé àpò méjì sílẹ̀ lójúde mi, mo tú u, mo fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Ó le bíi sìmẹ́ńtì.

Obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi gbé báfù wá.

"Àlàájà, ẹ bù díẹ̀ fún mi. Iwájú ilé mi ti di adágún."

"Ó ti tán."

"Àpò kan ṣì wà lẹ́yìn yín un o!"

"Ìyẹn ò tíì tán. Ó kàn ti tán fún ẹ ni."

Ó bínú, ó ní ìwà ahun mi ló máa pa mí. Mo ní kó jẹ́ kó pa mí lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ojúde yẹn náà ni ọmọ ọmọ mi ti ń rákòrò. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé e wá láti Mende láàárọ̀ kó tó lọ sí ọ́fíìsì. Ohunkóhun tí ọwọ́ ọmọ yẹn bá bà, ẹnu ló ń lọ.

Bàbá ọmọ, ọkọ ọmọ mi, ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ epo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń sanwó fún ìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá gbé ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Mọ́mì, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

"Inú páìpù epo."

Ó já ọmọ gbà bí ẹni pé iná ń jó nídìí rẹ̀, ó gbé e lọ. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ kan tó tó rédíò kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ta-ta-ta bí àgbàdo tí ń bẹ́ nínú ìkòkò. Ó gbé e kúrò, ó rọlẹ̀.

Ó ní ìtànṣán olóró ni. Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀. Omi tó ń bá epo jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé e bọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Kì í pani lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí eruku rẹ̀ bá wọ inú èèyàn, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò nílé.

"Èmi tí mo ń fi òòlù lù ú ńkọ́?"

"Ẹ ẹ̀ tún bo imú, Mọ́mì."

"Ó dáa. Màá fi ṣọ́bìrì kó o dà sómi kánáà kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Rárá!" Kò pariwo mọ́ mi rí. "Ẹ má gbá a, ẹ má dà á sómi, ẹ má sun ún. Ẹ jẹ́ ká wọ́n omi sí i kí eruku má gbéra, ká fi tapólì bò ó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kó ló máa kó o."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ ò ní wá títí wọn á fi kó o tán."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Ilé mi dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti pín sàárà ibẹ̀ tán. Ọkọ ọmọ mi kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní kó mú ẹ̀dà mẹ́ta wá. Láràárọ̀ ni mò ń fi òkúta tẹ etí tapólì mọ́lẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ wò bí aláìsàn.

Nígbà tí àwọn tó máa kó o dé wàyí, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn," ọ̀gá wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rin ín lómi, wọ́n kó o pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ àti àpò tó ṣẹ́kù sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dé e pa, wọ́n lẹ bébà yẹ́lò mọ́ ọn. Wọ́n tún dé ìsọ̀ mi ní Owódé, wọ́n fi ọ̀rá di ẹnu àwọn páìpù náà, wọ́n kó wọn, wọ́n sì mú òòlù mi mọ́ ọn. Òòlù yẹn ni mo bẹ̀bẹ̀ fún jù.

"Níbo lẹ ń kó gbogbo ẹ̀ lọ?"

"Ibi tí a máa tì pa, tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé sí."

"Ìyẹn ò lè jẹ́ Èkó."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú rẹ̀. Wọ́n padà wá na ẹ̀rọ sí kòtò tó kù lójúde mi. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Òjò kìíní ló kún kòtò náà. Ìyá alákàrà wá fi mí ṣẹ̀sín pé a ti jọ di aládágún. Mo sọ ohun tí wọ́n kó lọ fún un. Ó wo kòtò náà, ó wo iwájú ilé tirẹ̀.

"Àlàájà, ìwà ahun yín mà gbà mí o!"

Mo ní kó má dúpẹ́, mi ò ṣe é fún oore.

Ní báyìí, inú páìpù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí mo bá rí èépá, mi ò lù ú, mi ò rà á, ọkọ ọmọ mi ni mò ń pè. Àwọn ará ọjà ti ń pè mí lọ́dẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ padà wá, ó rákòrò tààrà lọ síbi adágún, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi sẹ́nu. Omi òjò lásán ni. Mo ṣì sáré gbé e.