Ẹgbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ ní Ọjà Warri

Ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Warri ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò tí rògbòdìyàn ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ nípa páìpù epo. Èyí tí mo kọ́ jù níbẹ̀ ni bí èèyàn ṣe lè fìdí rẹmi nínú ìbò kó má sì jó ilé ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ baba arúgbó kan ni mo ti gba yàrá. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni ìpolongo ìbò kánsílọ̀ bẹ̀rẹ̀, ni baba bá sọ fún mi nídìí tíì pé òun náà ń díje. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ará Warri ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní olóṣèlú. Mo yọjú sẹ́yìn ilé bóyá màá rí àwọn géńdé tó ń bá a ṣiṣẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí.

Àṣé pẹ́pẹ́yẹ yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìjọba fẹ́ dí adágún omi ìlú wọn, kí wọ́n fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹgbẹ́ baba sì ní àwọn ò gbà. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wọ inú mọ́tò kan ṣoṣo, kí àyè sì ṣẹ́ kù fún ajá. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan o. Ìlú tí kò tó àdúgbò Okumagba Layout ní Warri, ẹgbẹ́ wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀ bí eéṣú. Àwọn kan ní kí gbogbo èèyàn padà sórí kẹ̀kẹ́. Àwọn kan fẹ́ kí àgbègbè wọn dá dúró bí orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kànga epo kan ṣoṣo. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ni gbogbo ẹgbẹ́: òun ni alága, òun ni akọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n ní ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà rí.

"Baba, ta ló ń náwó fún yín?" mo bi í.

Ó ní ìyàwó òun máa ń ta kéèkì lọ́jọ́ Sátidé.

"Àwọn jàǹdùkú yín ńkọ́?"

Ó ní ajá òun máa ń gbó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì, mo so okùn bàtà mi le dáadáa, mo sì dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n na baba nínú ìbò náà bí ẹni na aṣọ òfì. Ó bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó mú búrẹ́dì. Mo bi í pé kóòtù wo ló ń lọ báyìí. Ó ní ilé lòun ń lọ, ebi ń pa òun. Ó wá fún mi ní pósítà kan lára èyí tó ṣẹ́ kù: òun nínú fìlà, pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́ apá rẹ̀. Mo ká a sínú àpótí, bí ẹni mú àwòrán ẹranko tí kò sí nílé wa bọ̀.

Nígbà tí mo padà dé Warri, èéfín ni mo bá. Ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ máa wà ni wọ́n ń jà sí, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ti òun ni. Àwa Yorùbá oníṣòwò, àlejò ni wá láàárín wọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo lo wà, ọmọ ta ni ọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Kálukú wá ń fi èédú kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sára ògiri, kí àwọn tó ń dáná sun ilé má baà ṣìnà.

Àbúrò ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta léèsì ní Main Market. Gbogbo ohun tó ní láyé wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlà kejì, nítorí pé àwọn kan kọjá, wọ́n lẹ pósítà ẹgbẹ́ wọn mọ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀tá wọn tó dé lẹ́yìn wọn sì bá a níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò ní nǹkan kan lára, ẹlòmíì ló máa bá ọ fi nǹkan sí i.

"Àǹtí, ẹ kọ 'Yorùbá' sí i."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ ìjà àwa Yorùbá àtàwọn ẹ̀yà mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ni? Ta ló mọ ẹni tí orúkọ yẹn máa bí nínú lọ́la? Òyìnbó inú pósítà tó o fi hàn mí yẹn, ẹ̀yìn ta ló wà?"

"Ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ."

"Ó dáa. Pẹ́pẹ́yẹ ò ní ilẹ̀ ní Warri."

Ó ro sítáàṣì, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn níbí, ó fi lẹ baba mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan dé tàwọn ti àdá, mo ṣàlàyé ẹgbẹ́ náà fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Na mumu party be dis!" ni ọ̀gá wọn wí, wọ́n sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ọjà. Kí oṣù tó parí, gbogbo ìlà wa ló ti ṣe fọ́tókọ́pì baba. Mo ń pe Àǹtí ní alága ẹ̀ka. Baba tí kò rí ìbò nílé ti wá di olórí ẹgbẹ́ tó tóbi jù ní ọjà Warri! Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti tóbi, èèyàn á máa bèèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ, ṣebí inú omi ló ń gbé? Nítorí náà, àwọn ará etídò Ogbe-Ijoh, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ń jà, ló ni ẹgbẹ́ náà. Oníbàárà Àǹtí kan ló wá ta wá lólobó lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé àwọn tó ń bá ará etídò jà ti ń bọ̀.

Mo mú ọ̀bẹ, Àǹtí bu omi ọṣẹ. Sítáàṣì ti gbẹ, ó ti di símẹ́ǹtì. Pẹ́pẹ́yẹ la kọ́kọ́ họ. Ẹnu àti fìlà baba ṣì kù nígbà tí wọ́n yọ, tàwọn ti ìbọn. Omi ọṣẹ ń dà sí Àǹtí lẹ́sẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn na ìbọn sí pósítà. "Na who be dis?"

"Person wey lose election," ni Àǹtí dáhùn.

"E lose?" Ojú rẹ̀ kan, bí ìgbà tó ń gbọ́ òórùn òkú. "Wetin you come dey do with am?"

"Kí là bá tún ṣe? A ń yọ ọ́ kúrò ni!" ni Àǹtí wí fún un.

Ọkùnrin náà mi orí pé ó dáa. Ìyẹn yé e dáadáa. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó họ ẹnu baba kúrò pẹ̀lú ọ̀dà ilẹ̀kùn, ó sì tún lọ họ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó ń bínú sí baba bí ẹni pé òun ló dìbò fún un. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà, mo ní kí n sáré lọ gba ọ̀bẹ mi. Àǹtí di aṣọ mi mú, ó fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí mo bá bèèrè ọ̀bẹ yẹn, òun fúnra òun ló máa pa mí.